Rédíò Tó Dákẹ́ Kò Tíì Kú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọkùnrin kan tó ń ra ohun èlò tó ti bàjẹ́ ń ti ọmọlańke kọjá ní àdúgbò wa ní Oko Ọba, ní Agége, ó ń ké bí wọ́n ṣe máa ń ké: "Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù fíríìjì! Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù fáànù! Kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù tẹlifíṣọ̀n!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré jáde láti ilé tó kọjú sí tiwa, ó gbé rédíò National kan dání. Mo mọ rédíò náà dáadáa. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló ni ín, ojú fèrèsé ló máa ń wà nígbà tí bàbá náà wà láyé, gbogbo àdúgbò la sì jọ ń gbọ́ ìròyìn ìrọ̀lẹ́ lára rẹ̀. Mo bi ọmọ náà pé kí ló ṣe rédíò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò fọhùn mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti dákẹ́." Mo ní ta ló ti bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún ń tún rédíò ṣe láyé ìsinsìnyí?"

Gbólóhùn yẹn ni mo wá bá jà lónìí.

Mi ò bá ọmọ náà jà. Ohun tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ló sọ. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá láti Oko Ọba dé Ìkẹjà, ó ṣòro kí ẹ rí ẹyọ ẹnìkan tí yóò sọ ohun mìíràn. Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé a kì í jiyàn lé e lórí mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ wọn bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń rò ó, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ohun tí wọn ò sọ sí wọn lẹ́nu.

Wọ́n ní owó tí èèyàn máa ná láti tún rédíò àtijọ́ ṣe kò jìnnà sí owó tuntun, nítorí náà ẹni tó bá ń tún un ṣe kò mọ ìṣirò. Wọ́n ní fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rédíò, kí ni èèyàn tún ń fi àpótí oníbátìrì mẹ́rin ṣe? Wọ́n sì ní àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ti tán, àwọn tó ṣẹ́ kù kò ṣeé finú tán, tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á yọ ojúlówó inú rẹ̀, wọ́n á fi ayédèrú dí i.

Ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó dúró nínú wọn. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: rédíò kì í yára kú. Sùúrù láti ṣí nǹkan wò ló ń kú lọ́wọ́ wa, àti ọwọ́ tó mọ ohun tó ń wá nígbà tó bá ṣí i. Bí ìyẹn bá kú tán, rédíò nìkan kọ́ la máa pàdánù.

Mo bẹ ọmọ náà kó jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí ariwo ọkọ̀ ojú irin ti máa ń dé etí èèyàn. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn lè gbé kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sí. Bàbá kò sáré mú áyọ́ọ̀nù tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀, bí oníṣègùn: "Báwo ló ṣe dákẹ́? Ṣé ó já bọ́ ni? Ṣé omi kán sí i? Àbí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni?" Ọmọ náà ní lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà ni, pé àwọn gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, nígbà tí àwọn sì máa fi tàn án, kò dáhùn.

Bàbá ṣí ilé bátìrì rẹ̀. Bátìrì ńlá mẹ́rin náà ṣì wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ara wọn ti bẹ́, oje inú wọn ti jò, ìyẹ̀fun funfun àti àwọ̀ ewé ti bo àwọn sìpíríǹgì irin. Bàbá ṣàlàyé fún ọmọ náà pé síńkì tó jẹ́ awọ bátìrì náà gan-an ni bátìrì ń jẹ láti fi ṣe iná, pé nígbà tó bá jẹ ẹ́ tán, awọ á lu, oje á jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin rédíò. Ó fi sáńpépà ha ojú irin náà títí tó fi ń dán, ó fi ìfọyín tó ti bọ sípíríìtì fọ̀ ọ́. Sìpíríǹgì kan ti jẹrà kọjá àtúnṣe. Ó na ọwọ́ sí abọ́ ike kan lábẹ́ tábìlì níbi tó kó àwọn òkú rédíò sí, ó yọ òmíràn jáde, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ibẹ̀.

Ó ki bátìrì mìíràn bọ̀ ọ́. Ó tàn án. Kò sí ohùn.

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dé tí a óò sọ pé, "Ṣé mo wí?" Bàbá mú sukurudiráfà kékeré, ó fi ìka kan irin rẹ̀, ó sì fi ṣónṣó rẹ̀ kan ẹsẹ̀ àárín nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn fọ́lúùmù. Sípíkà dún "húùn." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀fun rẹ̀ ń bẹ láàyè. Etí rẹ̀ ló di." Ó gbé rédíò tiẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sún mọ́ ọn, ó ń yí ojú òǹkà rédíò tó dákẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ó débì kan, rédíò tó ń ṣiṣẹ́ súfèé fíìì, ó sì dákẹ́. Ìsúfèé yẹn ni ẹ̀rí pé apá tó ń fa ìgbì wọlé nínú rédíò tó dákẹ́ kò tíì kú, pé òun náà ń rán ìgbì kékeré tirẹ̀ jáde, èyí tí èkejì gbọ́. Bí ọ̀fun bá yè, tí ẹnu ọ̀nà bá yè, àárín méjèèjì ni àìsàn wà nìyẹn.

Ó tẹ̀ sórí páánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú díńgí tó ń mú nǹkan tóbi. Nígbà tó yá, ó pè wá wá wò. Ní ìdí tiransítọ̀ kan, òrùka tín-ínrín kan tó rí bí irun orí yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká: lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ti là. Ojú lásán kò lè rí i. Bàbá fi áyọ́ọ̀nù kàn án, ó kán lẹ́ẹ̀dì tuntun lé e, èéfín díẹ̀ rú. Ó tàn án. Ohùn obìnrin kan jáde lórí Radio Lagos, 107.5, ó ń sọ Yorùbá, ó ń dún ketekete bí ẹni pé kò fìgbà kan dákẹ́ rí. Ọmọ náà pariwo.

Ó kù díẹ̀ kí á lọ, nígbà tí bàbá gbọ́ pé fọ́lúùmù ń ha bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ó ní eruku ló wọ̀ ọ́. Ó kán sípíríìtì sí i, ó yí i lọ yí i bọ̀ nígbà púpọ̀, ariwo náà lọ. Kò pé wákàtí kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà (₦6,000) ló gbà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí gbé ẹjọ́ wọn wò. Èyí tó jẹ́ ti ìṣirò ni kí á fi ṣáájú.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an, mo béèrè iye rédíò tuntun kékeré lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan. Ó pè é ní ₦14,000. Ẹni tó mọ ìṣirò lè sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kún un, kí o ra tuntun, kí ọkàn rẹ balẹ̀." Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àṣìṣe ìṣirò wa ni pé a ń fi àtúnṣe kan wé ìrà kan. Ìrà kan kì í dá wá. Ẹ bá mi ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn rédíò tuntun kéékèèké tó kún orí àtẹ wa. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìdè tí a lè tú: ike ni wọ́n fi há ike. Nínú rẹ̀, ìkán ọ̀dà dúdú kan ni wọ́n da bo ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ tí áyọ́ọ̀nù lè kàn. Bí ọpọlọ yẹn bá jó, ó parí. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ óò tún ra òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Àmọ́ lára ẹ̀yìn rédíò National yẹn, níhà inú, àwọn tó ṣe é lẹ àwòrán ọ̀nà iná mọ́ ibẹ̀, wọ́n to gbogbo tiransítọ̀ àti kapásítọ̀ sí i pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Wọ́n mọ̀ pé yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n sì kọ lẹ́tà sílẹ̀ de ẹni tí yóò tún un ṣe. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi fún bàbá Oko Ọba yẹn láti Japan, láìmọ̀ ọ́n rí. Èwo nínú àwọn rédíò méjì yìí ló wọ́n?

Ìṣirò náà tún gbàgbé ibi tí owó ń lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tí bàbá gbà kò kúrò ní Agége. Ó fi ra búrẹ́dì, ó fi san owó ṣọ́ọ̀bù, ó fi ra lẹ́ẹ̀dì. Owó rédíò tuntun ń wọ ọkọ̀ òkun. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà: dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦460 kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ti kọjá ₦1,500 nínú ọdún 2024. Rédíò tuntun ń tẹ̀ lé dọ́là gòkè. Ọwọ́ bàbá ń tẹ̀ lé iye gààrí àti búrẹ́dì ní ọjà Agége, èyí tí òun àti oníbàárà rẹ̀ jọ ń rà. Orílẹ̀-èdè tó bá ń fi dọ́là ra ohun tí ìkán lẹ́ẹ̀dì kan lè jí dìde kò lè sọ pé òun mọ ìṣirò.

Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu jù ni pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí nípa nǹkan mìíràn. Bí díńgí fóònù wa bá fọ́, a ò ní jù ú nù. Kọ̀ǹpútà Fílléèjì ní Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, la ń gbé e lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, a ń pe mẹkáníìkì. Bí bàtà bá já, ṣóbàtà ń bẹ. Ọjà ńlá kan ní Ìkẹjà dúró lórí òtítọ́ pé ohun tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé rédíò nìkan la dá ẹjọ́ ikú fún láìgbọ́ tẹnu rẹ̀?

Wọ́n á ní nítorí pé fóònù ti gba ipò rẹ̀ ni. Ẹjọ́ kejì nìyẹn, òun ló sì léwu jù.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí rédíò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fa ohùn wọ ilé àwọn èèyàn ní Èkó. Àpótí kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, wáyà gbé ohùn wá sínú rẹ̀, onílé ń san owó oṣooṣù. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pè é, orúkọ náà sì bá a mu: ó ń sọ̀rọ̀, kò dúró gbọ́ èsì. Onílé lè sọ ọ́ di ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yan ohun tí yóò gbọ́. Ohun tí ẹni tó mú ìdí wáyà dání bá fẹ́ ni yóò gbọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe tiransítọ̀ àkọ́kọ́, ní ọdún 1954 sì ni rédíò onítiransítọ̀ àkọ́kọ́ dé ọjà. Rédíò bọ́ lára ògiri. Àgbẹ̀ gbé e lọ sóko, awakọ̀ gbé e sí iwájú ọkọ̀, ó sì di pé ẹni tó ni ín ló ń yí ojú òǹkà síbi tó wù ú. Ọwọ́ onílé ni yíyàn bọ́ sí.

A ti fi agbára yíyàn yẹn gba ara wa sílẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abíọ́lá, ọ̀kan lára àwọn tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, ní Ìkẹjà wa níhìn-ín. Nígbà tí ìjọba ológun Abacha di ẹnu àwọn oníròyìn nílé, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, èyí tí wọ́n fi orúkọ obìnrin náà pè, Radio Kudirat, ń sọ̀rọ̀ láti òkè òkun lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù. Ẹni tó ní rédíò tó ń gba ṣọ́ọ̀tì-wéèfù nìkan ló lè gbọ́ ọ. Irú rédíò National tí ọmọ yẹn fẹ́ gbé fún oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni mò ń sọ.

Ta ló mú ìdí wáyà fóònù wa dání lónìí? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí etíkun Ivory Coast, ẹ̀rọ ayélujára sì yarọ ní Nàìjíríà, títí kan ti àwọn báǹkì. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 di oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba ti Twitter pa mọ́ gbogbo wa lójú. Àpótí ara ògiri ti ọdún 1935 ti padà wá, kàkà kó wà lára ògiri, inú àpò wa ló wà. Ó ní díńgí, ó lẹ́wà, owó dátà ni owó oṣooṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló mú ìdí rẹ̀ dání.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí FM ń bẹ nínú fóònù. Nínú àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun kò ní in mọ́. Èyí tó ní in, íápíìsì ni a óò kì bọ̀ ọ́ kó tó gbọ́, nítorí wáyà íápíìsì náà ló ń lò bí ẹ́ríàlì. Etí ẹyọ ẹnìkan ló ń gbọ́. Rédíò ojú fèrèsé bàbá àgbà kò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ ata gbọ́ ọ, ẹni tó ń fọṣọ gbọ́ ọ, mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ gbọ́ ọ, lẹ́yìn ìròyìn àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìwé pa ní ọdún 2020, orí rédíò ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ lọ fún àwọn ọmọ tí ilé wọn kò ní kọ̀ǹpútà. Ilé tó ní rédíò kan tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ní ọmọ mẹ́rin, ọmọ mẹ́rin ló kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Fóònù kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìjà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fóònù nù. Ohun tí mo ní ni pé ilé tó ní ilẹ̀kùn méjì kì í ti ọ̀kan pa nítorí pé èkejì ní ọ̀dà tuntun.

Ó ku ẹjọ́ kẹta, ti àwọn tó ń tún un ṣe. Mi ò ní parọ́: oníjìbìtì ń bẹ nínú wọn. Àwọn kan wà tí yóò yọ sípíkà ojúlówó, tí yóò fi èyí tí kò tó o dí i. Èmi fúnra mi ti bá irú wọn pàdé ní àdúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oníjìbìtì ń bẹ láàárín àwọn tó ń ta tuntun náà, a kò sì tìtorí wọn sọ pé a ò ní ra nǹkan mọ́. Bí àwọn olóòótọ́ ṣe ń dín kù, àwa la fà á: a ò lọ sọ́dọ̀ wọn, ebi pa iṣẹ́ wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì sá lọ. Bàbá Oko Ọba sọ fún mi pé ìgbà kan wà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ márùn-ún ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gba fíríìdọ̀mù kẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀ ti di ọlọ́kadà. Bẹ́ǹṣì náà ṣì wà níta ṣọ́ọ̀bù. Òfìfo ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù rèé, nítorí ibi tí a ń gbé. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí Ìkẹjà, àwọn òbí wa sì tìtorí iṣẹ́ fi gbogbo agbègbè yìí ṣe ilé, láti Agége dé Ọ̀gbà dé Oko Ọba. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Lẹ́yìn náà a wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní ọdún 2008. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń dún rí, ọ̀pọ̀ ti di ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìjọsìn. Ibi tó ṣẹ́ kù tí èèyàn ti ń jókòó láti wádìí ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ àti ìdí tó fi kọ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju Márúwá kan lọ ni. Bí a bá ti ìyẹn náà pa, ìran tó ń bọ̀ yóò mọ bí a ṣe ń rà, kò ní mọ ohun kan mìíràn.

Ìmọ̀ rédíò kì í sì í dúró sínú rédíò. Ọwọ́ tó lè rí ìlà irun lára lẹ́ẹ̀dì ni yóò tún ìńfátà ṣe, òun ni yóò tún ẹ̀rọ sólà ṣe, òun ni yóò tún ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù ṣe. Tiransítọ̀ ń bẹ nínú gbogbo wọn. Rédíò ni wàláà àwọn ọmọ iṣẹ́: iná bátìrì rẹ̀ kéré, kò lè pa èèyàn, gbogbo apá rẹ̀ sì ṣeé fojú rí. Ẹni tó bá kọ́ ọ dáadáa ti kọ́ bí a ṣe ń ronú láti ohun tí etí gbọ́ dé ibi tí ojú kò tíì dé.

Ibo sì ni ohun tí a ń jù nù ń lọ? Kò sí ibi kan tó ń jẹ́ "ìta" lórí ilẹ̀ ayé yìí. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network wá sí Èkó, wọ́n sì tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ èbúté wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé tún ṣe mọ́ kí wọ́n tó kó wọn wá, tí wọ́n fi ń parí sórí ààtàn, tí iná ń jó wọn. Ní ọdún 2022 nìkan, ìdọ̀tí oníná tí gbogbo ayé pèsè tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62. Èyí tí a mọ̀ dájú pé wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì tún lò kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Èkó ti gba àlòkù ayé. Ṣé àwa náà á tún fi rédíò tí ìkán lẹ́ẹ̀dì kan ń wá kún òkìtì náà? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Òjòta kọjá lẹ́bàá ààtàn Olúsosùn nígbà tó ń jó ní oṣù Kẹta ọdún 2018 mọ òórùn tí mò ń sọ.

Àwọn tí a rò pé a ń fara wé nínú ìjùnù ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní Amsterdam, ní ọdún 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ibi ìpàdé tí àwọn ará àdúgbò ti ń gbé ohun tó bàjẹ́ wá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wọn tún un ṣe. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Ohun tí wọ́n ń fi òfin wá kiri, a ní in lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, lórí bẹ́ǹṣì òfìfo.

Mo mọ̀ pé rédíò ń kú. Èyí tí omi mu kanlẹ̀, èyí tí iná jó páánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di èédú, èyí tí ọpọlọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dà dúdú, òkú ni. Ṣùgbọ́n òkú pàápàá ṣì ń wúlò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀: inú abọ́ òkú ni sìpíríǹgì National yẹn ti jáde. Ẹni tó lè sọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó dákẹ́ ni ẹni tó ti ṣí i. Oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù kò ṣí i. Àwa tó ń pè é kò ṣí i. A dá a lẹ́jọ́ lórí ọmọlańke.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí onílé yọ bátìrì kúrò nínú rédíò tí kò ní lò fún oṣù kan. Kí àwọn atúnrédíò-ṣe máa sọ ohun tó bàjẹ́ àti iye rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dá ẹ̀yà tí wọ́n yọ padà fún ẹni tó ni ín. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọjà wọn. Kí ìjọba náà wo Agídíǹgbì: ibẹ̀ ni Radio Lagos wà, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ àti ilé tó lè kọ́ ọwọ́ tí yóò tún etí ṣe wà ní àdúgbò kan náà. Kí wọ́n gbé àwọn bàbá bíi ti Oko Ọba wọ kíláàsì náà, kí wọ́n sanwó fún wọn, kí ìmọ̀ náà tó bá wọn wọlẹ̀.

Ọmọ tó fẹ́ ta rédíò ti gbé e padà sójú fèrèsé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fáànù wọn dákẹ́. Kò pe oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Ó wá yá sukurudiráfà lọ́wọ́ mi, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wò ó.